Àpótí Iná Ìyá Sùwéébátù

Hàfísátù ni ó kọ́kọ́ sọ fún Bùrẹ́ímọ̀ pé àpótí iná náà kò gbọ́dọ̀ rí ohunkóhun tó ń gbóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́ nígbà tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bùrẹ́ímọ̀ ní Ìbàfò. Ó tún un sọ nígbà tó ń fi ìka hàn án ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Nígbà tó ti fẹ́ máa lọ, tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú kẹ̀kẹ́, ó yíjú padà.

"Ìyá Akóredé, ẹ má bínú pé mò ń tẹnu mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Kẹ́tù oníná ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Hítà ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Fóònù, tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ ìmí Màámi, ó parí."

"Ṣé èmi ni ọmọdé àbí ìwọ?" Bùrẹ́ímọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́. Ohun gbígbóná, èèwọ̀ rẹ̀ ni."

"Èèwọ̀ rẹ̀ gan-an ni, mà."

Àpótí náà kò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ. Ó ní ọwọ́ tí wọ́n ń fi gbé e, ó sì ní sólà dúdú kan tó ń ká bí ìwé, tí èèyàn yóò tẹ́ sínú oòrùn kó lè máa mu iná. Kì í pariwo, kì í rú èéfín. Èéfín yìí ni ìdí ọ̀rọ̀. Ní gbogbo oṣù Ọ̀pẹ, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àṣàlátù Ìbàfò a máa lọ sí kámpù ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní Ìbógun, nínú ọgbà ilé-ìwé kan tó wà láàárín oko. Wọn a sùn lórí ẹní nínú kíláàsì, wọn a kírun pọ̀, wọn a gbọ́ wáásì, wọn a sì jẹun pọ̀. Ìyá Sùwéébátù, ìyá Hàfísátù, kò pa kámpù jẹ rí títí ikọ́ fée fi gbé e dè. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kò bá ikọ́ náà rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè rìnrìn àjò láìsí ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ oògùn di ìkùukùu tí yóò máa fà sí imú, ẹ̀rọ tí kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ọdún mẹ́ta ni màmá fi jókòó sílé ní Òkè-Aró tó ń gbọ́ ìròyìn kámpù lẹ́nu ẹlẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí Hàfísátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn, fi ra àpótí náà. Òun fúnra rẹ̀ kò rí ààyè lọ. Bùrẹ́ímọ̀ ló ní kó bá òun mójú tó o.

Ojú dígí kékeré kan wà níwájú àpótí náà, tí nọ́ńbà ń hàn nínú rẹ̀.

"Bí ohunkóhun bá ṣe é, á kọ ọ́ síbí," Hàfísátù ti wí lọ́jọ́ náà. "Bó bá sì kú, ẹ pè mí. Bọ́tìnnì kan ni màá ní kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ máa lè ka ohun tó bá kọ, àbí?"

"Kí ló dé tí mi ò fi ní lè kà á?"

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, Bùrẹ́ímọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n sí irọ́ nígbà náà. Ó ti pé ọdún méjì tí òun àti Ọmọlabí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣa ìgò àlòkù tà, ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Àga kan náà ni wọ́n ń jókòó lé. Bùrẹ́ímọ̀ lè kọ orúkọ rẹ̀, ó lè ka nọ́ńbà, ó sì lè ka Mowé àti Ìbàfò lójú bọ́ọ̀sì. Tó bá ti kọjá ìyẹn, àwọn méjèèjì ló ń jọ tì í, tí wọn yóò máa so lẹ́tà kan mọ́ èkejì bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, Ọmọlabí ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ìdí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Bùrẹ́ímọ̀ ti sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ pé òun ti mọ̀wé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún kì í fẹ́ padà lọ sọ pé kí wọ́n dá àtẹ́wọ́ náà padà.

Ọjọ́ kìíní kámpù dùn mọ́ ọn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn. Obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ a rà, ẹni tí kò fẹ́ a kọjá lọ. Àmọ́ ní Ìbógun, gbogbo fóònù ló ń kú, gbogbo ẹni tó ni fóònù ló sì ń wá bá a níbi tó jókòó ti àpótí náà. Kó tó di alẹ́, wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ dà sí Ìyá Oníná.

"Ìyá Oníná, ẹ ṣàánú mi, ọmọ mi á máa pè mí."

"Ìyá Oníná, díẹ̀ péré."

Ó ṣe é bó ṣe yẹ. Bí nọ́ńbà bá ti ń wálẹ̀, á ní kí wọ́n dúró, pé ti màmá ló ṣáájú. Ìyá Sùwéébátù pàápàá ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Lálẹ́, màmá fa oògùn rẹ̀ sí imú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rọ náà ń kùn jẹ́jẹ́ bí oyin, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́ láti gbọ́ ọ.

Ọmọlabí náà mú tọ́ọ̀ṣì kékeré rẹ̀ wá, èyí tó fi ń kàwé lálẹ́.

"Ìyá Oníná, ṣé kí n kúnlẹ̀ ni àbí kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin?"

"Kúnlẹ̀, kó o sì fi orí kan ilẹ̀."

"Orí mi ń kan ilẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ fún Ọlọ́run. Tìẹ ò sí nínú ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi sọ fún wọn pé àwọn èèyàn fẹ́ sùn. Bùrẹ́ímọ̀ gba tọ́ọ̀ṣì náà, ó sì kì í bọ àpótí náà kó máa gba iná di òwúrọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú bí abẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán ni Àlhájà Hikmah wọlé pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì omi lọ́wọ́ kan àti hítà lọ́wọ́ kejì. Mowé ni Àlhájà ń gbé, ó ní ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, òun ló sì gba bọ́ọ̀sì tó gbé ẹgbẹ́ dé kámpù, tó wa ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó kéré sí Bùrẹ́ímọ̀ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ Bùrẹ́ímọ̀ ló kọ́kọ́ kí i.

"Àlhájà, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Oorun kẹ̀, nínú òtútù yìí? Ẹ bá mi ki eléyìí bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí omi yìí lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò lè fi omi tútù wẹ̀."

"Omi gbígbóná wà lórí iná igi lẹ́yìn kíláàsì, Àlhájà."

"Èyí tó ń rùn èéfín yẹn?" Àlhájà gbé báàkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó wo àpótí náà, ó wo Bùrẹ́ímọ̀. "Tàbí ẹ máa kọ́kọ́ pe ọmọ yẹn kẹ́ ẹ gbàṣẹ? Ẹ pè é, mo lè dúró."

Kò sọ ọ́ tìjà-tìjà. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Bùrẹ́ímọ̀ lára bí abẹ́rẹ́ tó kù sínú aṣọ tuntun. Láti àná ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Oníná. Àṣé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ó rántí ohun tí Hàfísátù sọ. Ó rántí ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pọ̀, pé àwọn ọmọ ìwòyí a máa fi ẹ̀rọ dẹ́rù ba àgbà. Ó gba hítà lọ́wọ́ Àlhájà, ó sì kì í bọ àpótí náà.

Kò pẹ́ tó kí èèyàn sín. Àpótí náà ké píì, píì, píì, ìró afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dá, àmì pupa kan sì yọ lójú dígí pẹ̀lú lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ ka iye wọn. Mẹ́jọ ni. Èyí tó ṣáájú rí roboto bí òdo. Kò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

"Ó jọ pé agbára rẹ̀ ò tó nǹkan," ni Àlhájà wí. Ó yọ hítà rẹ̀, ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì, ó sì gba ibi omi orí iná igi lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni òun àti Ọmọlabí ti pàdé. Ọmọlabí fẹ́ wá mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó wo wáyà hítà tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn Àlhájà, ó wá wo àpótí náà.

"Kí ló kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ó ń sinmi ni."

"Jẹ́ ká wò ó. Ká jọ so ó pọ̀." Ọmọlabí ti ń bẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ ti ń lọ sí lẹ́tà kìíní gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe lórí àga wọn.

"Ṣé gbogbo nǹkan náà lo máa kà ni?" Bùrẹ́ímọ̀ tẹ́ híjáàbù rẹ̀ bo àpótí náà. "Mú tọ́ọ̀ṣì ẹ, jàre. Oníwèé kíláàsì kejì."

Ọmọlabí dìde. Lẹ́yìn náà ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì jáde.

Ìdí igi kajú kan nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wà nínú ọgbà náà. Bùrẹ́ímọ̀ lọ síbẹ̀. Ó pe Hàfísátù, ìpè náà kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí ọmọ náà fi gbé e.

"Ìyá Akóredé, ṣé kò sí wàhálà? Màámi ńkọ́?"

"Kò sí. Wọ́n ń mu ògì lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ tó kàn wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti gbéra. Ó rí ojú Hàfísátù nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá: ẹ má bínú pé mò ń tẹnu mọ́ ọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Mo ní kí n kàn kí ẹ ni."

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Iná ńkọ́?"

"Iná wà."

Ó padà, ó sì jókòó ti àpótí tí kò ní iná, ó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí àwọn tó ní fóònù dé, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́sàn-án. Ó ń retí pé bóyá á jí fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá fi irọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, kò ní lè kúrò nídìí aṣọ náà mọ́.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá, àwọn obìnrin gbá ọgbà, eruku sì gbalẹ̀ kan pẹ̀lú ọyẹ́. Ìyá Sùwéébátù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wúkọ́ mọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Àyà rẹ̀ ń súfèé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń wá afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga gbígbẹ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Wọ́n da oògùn sí i. Bùrẹ́ímọ̀ ki wáyà bọ àpótí, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan kan. Ó tẹ òmíràn. Ó tẹ gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan. Màmá kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo Bùrẹ́ímọ̀ bí ẹni tó dúró síta nínú òjò, tó mọ̀ pé ẹni tó wà nínú ilé máa tó ṣí ilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ Àlhájà Hikmah ni wọ́n fi gbé e lọ sí Ìfọ̀. Àlhájà fúnra rẹ̀ ló wakọ̀. Kò tilẹ̀ dúró wọ bàtà.

Nígbà tí eruku ọkọ̀ rọlẹ̀, Fadilah, tó jẹ́ amírà, ìyẹn olórí kámpù, kó àwọn obìnrin jọ sí iwájú kíláàsì.

"Ìyá Akóredé, ta ló lo àpótí yìí kẹ́yìn?"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bó bá sọ pé hítà ni, orúkọ Àlhájà á tẹ̀ lé e, Àlhájà tó ń sáré lọ nísinsìnyí kí màmá má bàa kú. Bó bá sọ pé òun ló kì í bọ̀ ọ́, wọ́n á bi í pé ṣé wọn ò kìlọ̀ fún un ni. Wọ́n á bi í pé kí ló kọ síbẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

"Ọmọlabí ló yọ tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀," ló wí.

Òótọ́ ni. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀ téèyàn lè fi ọwọ́ mú.

"Tọ́ọ̀ṣì!" ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Kí ló ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣe lálaalẹ́? Ṣé ó fẹ́ di lọ́yà ni?"

"Ó ń wá ìgò ni," ẹlòmíràn dáhùn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Ọmọlabí kò wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Bùrẹ́ímọ̀ ló ń wò. "Ìyá Akóredé wà níbẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ bi í bóyá tọ́ọ̀ṣì mi ni."

Fadilah yíjú sí Bùrẹ́ímọ̀. Bùrẹ́ímọ̀ wo ilẹ̀.

"Ohun tí mo rí ni mo sọ," ló ní.

Ọmọlabí dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i, bí ìgbà téèyàn bá ń fún ẹlòmíràn láyè kó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kankan kò tẹ̀ lé e, ó lọ jókòó sábẹ́ òrùlé.

Lẹ́yìn ìrun àìlà ni wọ́n pín oúnjẹ. Obìnrin márùn-ún sí tíréè kan ni ní kámpù, ọwọ́ márùn-ún nínú ìrẹsì kan. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìbùkún wà. Wọ́n gbé tíréè kan síwájú Ọmọlabí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Ẹnì kan ní òun ò tíì jẹun, ẹnì kan lọ bá àwọn tó wà ní tíréè kejì, wọ́n sì fún ara wọn pọ̀ di mẹ́fà. Ọmọlabí fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní bísímílláì. Ó ń jẹ láti apá kan ṣoṣo tíréè ńlá náà, ó fi ibi ọwọ́ mẹ́rin yòókù sílẹ̀ bí ẹni pé àwọn tó ni ín ń bọ̀. Bùrẹ́ímọ̀ rí i. Ó mọ̀ pé ibi tó yẹ kóun lọ jókòó nìyẹn, kò ju ìṣísẹ̀ méjìlá lọ. Kò dìde.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ sí ọwọ́ alááṣàrì nígbà tí ọ̀kadà kan gbé Hàfísátù wọ ọgbà. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Màámi ti ń mí dáadáa. Dókítà ní kí wọ́n sùn síbẹ̀ di ọ̀la. Àlhájà tó pè mí wà lọ́dọ̀ wọn."

Gbogbo ọgbà ní àlùhàmúdúlíláì. Bùrẹ́ímọ̀ náà sọ ọ́. Ó rò fún ìgbà díẹ̀ pé bóyá ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wo àpótí yẹn," ni Hàfísátù wí.

Ó ká híjáàbù tí Bùrẹ́ímọ̀ ti tún fi bò ó kúrò. Ó tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà mẹ́jọ náà sì yọ jáde, pupa, bí wọ́n ti wà láàárọ̀.

"OVERLOAD," ó kà á sókè lédè Òyìnbó. "Ó ní ẹrù tí wọ́n gbé lé òun ti pọ̀ jù." Ó fi ìka mọ́ bọ́tìnnì kejì, ó mú un dání, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Àpótí náà dún kẹ́. Nọ́ńbà jáde: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Hàfísátù ki ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, ìkùukùu funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń gòkè, kò sí imú kankan tó ń fà á.

Gbogbo wọn ń wo ìkùukùu náà.

"Kò bàjẹ́," Hàfísátù wí. "Iná kún inú ẹ̀. Títún un ṣe kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ká ní ẹnì kan tètè pè mí ni—" Ó gbójú sókè. "Ìyá Akóredé, ẹ pè mí láàárọ̀."

Kì í ṣe ìbéèrè. Fadilah ló bá wọn dá sí i, ó ní, "Wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì Ọmọlabí ló ṣe é."

"Tọ́ọ̀ṣì? Ogún tọ́ọ̀ṣì ò lè ṣe é. Ohun gbígbóná ni wọ́n kì bọ̀ ọ́."

Bùrẹ́ímọ̀ kúnlẹ̀. Obìnrin tó lè bí Hàfísátù ni, ó kúnlẹ̀ fún un lórí iyanrìn níṣojú gbogbo ẹgbẹ́.

"Èmi ni," ó ní. "Hítà ni. Ọwọ́ mi ni mo fi kì í bọ̀ ọ́. O ti kìlọ̀ fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó kọ̀wé, mi ò lè kà á, ojú sì ń tì mí láti sọ fún ẹ." Kò dárúkọ Àlhájà. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ Àlhájà kọ́ ló kì í bọ̀ ọ́. "Tọ́ọ̀ṣì kò ṣe nǹkan kan. Ọmọlabí kò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ dìde, mà," ni Hàfísátù wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ sí i. Ó pa ẹ̀rọ náà, ìkùukùu náà sì tán.

Bùrẹ́ímọ̀ dá ara rẹ̀ dìde. Ó wá Ọmọlabí láàárín àwọn obìnrin, kò rí i. Abẹ́ òrùlé ló ti rí i níkẹyìn, ó ti ká ẹní rẹ̀, ó ti di àpò rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì wà lókè níbi tí èèyàn lè tètè fà á yọ. Ọ̀kadà tó gbé Hàfísátù wá kò tíì lọ. Ọmọlabí ti bá a sọ iye tí á gbé òun dé Ìfọ̀, kí òun lè wọ ọkọ̀ lọ sílé níbẹ̀.

"Ọmọlabí." Bùrẹ́ímọ̀ dúró síwájú rẹ̀. "Dárí jì mí. Mi ò lè kà á ni."

"Mo mọ̀ pé o ò lè kà á," Ọmọlabí dáhùn. Kò gbóhùn sókè. "Èmi náà lè má kà á tán. Mo ní ká jọ kà á."

"Ó ku ọjọ́ méjì. Dúró. Gbogbo wọn ti gbọ́ pé kì í ṣe ìwọ."

"Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àpótí kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ."

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Fadilah sún mọ́ ọn, ó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n Ọmọlabí kí i gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, ó ní kí Hàfísátù bá òun kí màmá, ó sì gun ọ̀kadà. Ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ itan kí ó má bàa kó sí táyà. Bùrẹ́ímọ̀ tẹ̀ lé wọn dé ìdí igi kajú, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, orúkọ tí wọ́n jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lórí àga kan náà. Ọ̀kadà náà yà sí ojú ọ̀nà oko. Ẹ̀yìn Ọmọlabí dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ kan di àpò mú, orí rẹ̀ kọjú sí Ìfọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe lọ títí wọ́n fi wọ inú oko pákí, kò bojú wẹ̀yìn.